Fọ́tò Ìyá Ìbejì

Ìka Kámárádì Sàbí ti bà lé fọ́tò náà kí Mùílíù tó rí i pé ó wà lórí tábìlì.

"Èyí," ni ọ̀gá náà wí. "Èyí ni a ó gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà."

Kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá. Fọ́tò mẹ́rìnlélógún ni Mùílíù kó wá sí ilé iṣẹ́ ìjọba náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn: ìdílé mẹ́ta ní ìgbèríko, fọ́tò mẹ́jọ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, bí ìwé àṣẹ ṣe wí. Eléyìí kò sí lára wọn. Èyí tó kọ́kọ́ tẹ̀ láti fi dán ìmọ́lẹ̀ wò ni, orí ìwé tó nípọn ló sì tẹ̀ ẹ́ sí. Nítorí pé kò lè ju ìwé nù, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi tẹ́ ìsàlẹ̀ àpòòwé kí àwọn yòókù má baà ká lórí alùpùpù. Ìwé fọ́tò ṣọ̀wọ́n ní Kútọnu lọ́dún náà. Kámárádì Sàbí ló wá da àpòòwé náà kọ tábìlì, tó tún gbọ̀n ọ́n, kí ohunkóhun má baà ṣẹ́kù sínú rẹ̀.

Nínú fọ́tò náà, obìnrin kan jókòó sórí àpótí níwájú ilé alámọ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún. Ọmọbìnrin kékeré kan jókòó sílẹ̀ lápá ọ̀tún rẹ̀, òmíràn lápá òsì. Aṣọ kan náà, irun kan náà, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà lọ́rùn. Ti ọ̀tún kọjú sí kámẹ́rà. Ti òsì ti yí orí, ó ń wo ti ọ̀tún.

"Wo ojú ọmọ yìí," ni Kámárádì Sàbí wí. Ará òkè ni, láti ìhà Paraku, ọkùnrin gíga tí ohùn rẹ̀ máa ń falẹ̀. Olùkọ́ ni kí Ìyípadà ìjọba tó gbé e wá sí Kútọnu. "Wo bó ṣe ń wo èkejì rẹ̀. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń wo fọ́tò àwọn ènìyàn tó dúró gbagidi bí òpó. Ta ló lè kọ́ ọmọdé ní irú wíwò yìí?"

Mùílíù fẹ́ ṣàlàyé fún un.

Ọ̀gá náà ti yíjú sí Sàídátù tó jókòó nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ń sọ ohun tí yóò tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ fọ́tò náà fún un. Ìyá kan ní ìgbèríko Pobè pẹ̀lú ìbejì rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ìlera ti ń dé abúlé, àwọn ọmọ méjèèjì wà láàyè, ara wọn sì le. Ẹ̀rọ náà ń ta gbà-gbà-gbà. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún Mùílíù pé kí ó mú fíìmù náà wá kí aago mẹ́rin tó lù, kí ó fúnra rẹ̀ fi ẹ̀rọ ńlá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn sọ ọ́ di títóbi. Ọ̀la ni ìpàtẹ fọ́tò ìjọba náà yóò ṣí. Àwọn ọ̀gá ńlá yóò wá.

"Iṣẹ́ tí a jọ sọ ńkọ́," ló fi kún un, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí, "mo ti fi orúkọ rẹ ránṣẹ́ sókè. Láti oṣù tó ń bọ̀. Gbogbo ìgbèríko ni ìwọ yóò máa lọ, láti ibí títí dé Málànvílù. Wọn á fún ọ ní ọkọ̀ àti fíìmù."

"Ìwọ" ni gbogbo ènìyàn ń pe ara wọn nínú ilé iṣẹ́ yẹn láti ìgbà Ìyípadà. Mùílíù nìkan ni kò mọ́ lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ ṣeun," ó sì kó àwọn nǹkan rẹ̀.

Sàídátù bá a dé orí àtẹ̀gùn. Ọmọ Ṣakété ni, ó sì máa ń bá Mùílíù ṣẹ̀fẹ̀ pé bí ó bá di ènìyàn ńlá tán, kí ó má ṣe gbàgbé láti ya òun kí òun tó hewú. Kò ṣẹ̀fẹ̀ lónìí.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mélòó ló wà nínú fọ́tò yẹn?"

Mùílíù ń so àpòòwé mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Ó so ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Mo ti tẹ ohun tí wọ́n ní kí n tẹ̀," ni Sàídátù wí. "Ṣùgbọ́n kò sí Nàgó kan bíi tiwa tí yóò gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé lọ́la tí kò ní mọ̀. Irú rẹ̀ wà lára ògiri nílé ìyá ìyá mi."

"Ọ̀kan ni," ni Mùílíù dáhùn nígbẹ̀yìn.

Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó gba ọ̀nà ọjà Dantokpa níbi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Kò sáré. Kò sáré rí. Epo ni eré ń jẹ.

Inú lẹ́tà ni Mùílíù ti kọ́ iṣẹ́ fọ́tò. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Faransé ni ó ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí i, ẹ̀kọ́ kan lóṣù kan, fún ọdún méjì gbáko. Òun náà a ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá fún un, a fi í ránṣẹ́ padà, a sì dúró de yíǹkì pupa tí wọ́n máa fi kọ àṣìṣe rẹ̀. Ẹ̀kọ́ keje ni kò kúrò lórí rẹ̀. Bí o bá fẹ́ ya ìgbésí ayé àwọn ènìyàn, má tò wọ́n, má fi nǹkan kún un, má yọ nǹkan kúrò. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì báyìí, ogún ọdún ló sì ti lò lórí fọ́tò káàdì ìdánimọ̀, fọ́tò ìyàwó, àti fọ́tò òkú tí a tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ẹ̀kọ́ keje rí, àfi ìgbà tí Kámárádì Sàbí pè é, tó ní ìjọba ń fẹ́ fọ́tò ìdílé àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé lójoojúmọ́, láìṣe ọ̀ṣọ́, láìtò wọ́n. Ọjọ́ yẹn, Mùílíù délé, kò lè jẹun.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló lò nílé Búrẹ́mọ̀ ní Ìdí-Àràbà, abúlé kan lẹ́yìn Pobè. Ọjọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ilé ti wẹ̀, wọ́n ti wọ aṣọ ọdún. Ó ní kí wọ́n lọ bọ́ ọ. Búrẹ́mọ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó béèrè bóyá aṣọ ti tán ní Kútọnu tí wọ́n fi rán ènìyàn wá ya àkísà oko. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti gbàgbé rẹ̀. Wọ́n ń dá iná, wọ́n ń fọ́ ẹyìn, wọ́n ń jẹun, òun náà ń tẹ kámẹ́rà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti ibi igun.

Ní ọjọ́ tó máa lọ, Rùkáyátù, ìyàwó Búrẹ́mọ̀, wá bá a níbi tó ti ń di ẹrù. Ó mú Táyé lọ́wọ́, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó ní òun fẹ́ kí ó ya òun pẹ̀lú àwọn ìbejì òun.

Mùílíù mọ ohun tó ń sọ. Ọjọ́ tó dé ni Búrẹ́mọ̀ ti sọ fún un pé ibà mú Kẹ́hìndé nígbà ọyẹ́, ọjọ́ mẹ́ta péré. Rùkáyátù kò sọ bẹ́ẹ̀. Kẹ́hìndé lọ ṣẹ́ igi, ni òun wí, nítorí pé ní àdúgbò wọn kò sí ẹni tó jẹ́ sọ pé ìbejì kú. Ilé Mùsùlùmí sì ni. Búrẹ́mọ̀ ló ń pèrun ní mọ́sáláṣí abúlé, a kò sì gbọdọ̀ gbẹ́ ère síbẹ̀. Fọ́tò ni irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń lò dípò rẹ̀, kò sì sí onífọ́tò Nàgó tí kò mọ bí a ti ń ṣe é. A ó fi páálí dúdú bo ìlàjì ojú kámẹ́rà, a ó ya ọmọ tó kù ní apá kan. A ó wá gbé ọmọ náà lọ sí apá kejì, a ó bo ìlàjì tó kù, a ó tún un yà sórí fíìmù kan náà. Ìyá tó jókòó láàárín kò gbọdọ̀ mira.

Àyè kan ṣoṣo ló kù lórí fíìmù ìjọba. Mùílíù sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun kò bá lò ó, yóò ṣòfò ni. Ó ya Táyé lápá ọ̀tún. Ó gbé e lọ sí òsì, ó yí páálí padà, ó sì ní kí ó wo iwájú. Bó ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni ọmọ náà yí orí, tó wo ibi tó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ìka Mùílíù ti tẹ̀ ẹ́.

"Inú yàrá mi ni yóò wà," ni Rùkáyátù wí lẹ́yìn náà. "Ojú ẹlòmíràn kò ní kàn án."

"Kò ní kàn án," ni Mùílíù dáhùn.

Bí Mùílíù ṣe gun alùpùpù dé iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lónìí, ó bá Rùkáyátù lórí bẹ́ǹṣì. Òní ni wọ́n fi àdéhùn sí, Mùílíù sì ti gbàgbé. Obìnrin náà ti bá ọkọ̀ akẹ́rù wá pẹ̀lú gàrí rẹ̀ láti òwúrọ̀ kùtù, láti Pobè dé Àjàṣẹ́, láti Àjàṣẹ́ gba Ekpè wọlé. Eruku ọ̀nà ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó ti ta gàrí náà tán. Ó kí Mùílíù, ó wo inú ṣọ́ọ̀bù láti òkè délẹ̀.

"Mo rò pé ilé yín á tóbi ju báyìí lọ," ni ó wí. "Bí ẹ ṣe ń pàṣẹ lé wa lórí, ẹ ní ká má rẹ́rìn-ín, ẹ ní ká má wo yín, mo ní ilé alájà ni ẹ ń gbé."

"Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrìn," ni Mùílíù wí. Ó mú fọ́tò tó tẹ̀ fún un jáde, èyí tó dára, tó ti fi bébà funfun wé.

Rùkáyátù nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró kó tó gbà á. Ó wò ó pẹ́. Alùpùpù ń kọjá, àwọn obìnrin ń gbé agbọ̀n tòmátì gòkè láti etí ọ̀sà, kò gbójú sókè.

"Táyé rí i," ni ó wí. "Ẹ wò ó. Ó ń wò ó."

Mùílíù jókòó sí ìkángun kejì bẹ́ǹṣì náà. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìwé nínípọn, àpòòwé, ẹnu ọ̀nà, àwọn ọ̀gá tó ń bọ̀ lọ́la. Kò dín in kù. Ó ní ẹ̀bi òun ni. Ó tún sọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún òun, nítorí pé ó dà bíi pé bí òun kò bá sọ ọ́, òun yóò tún ti parọ́ mìíràn.

Rùkáyátù kò bínú, ìyẹn ló sì le jù.

"Kí ni wọ́n máa kọ sí i?"

Ó sọ fún un.

Obìnrin náà da fọ́tò dojú dé sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Bàbá rẹ̀ dúró lójú títì de ọkọ̀ ìlera yẹn," ni ó wí. "Ọjọ́ kejì ibà náà. Láti ìgbà ìrun àárọ̀ títí dìgbà ìrun alẹ́. Wọ́n ní afárá ti já." Ó tẹ́ ọwọ́ lé ẹ̀yìn fọ́tò náà. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé ó wà láàyè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má sì sọ fún wọn pé kò sí. Èmi ni mo ni ín láti sọ, mi ò sì tíì sọ ọ́."

"Kí ni mo máa wá wí fún wọn?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé."

Ó dìde, ó ti fọ́tò náà sábẹ́ ìró rẹ̀ níbi àyà, ó gbá a mọ́ra. Ọkọ̀ Pobè kì í pẹ́ kó tó kún, ó sì ti fi Táyé sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ. Mùílíù sìn ín dé ẹ̀bá títì.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tó padà dé iwájú Kámárádì Sàbí. Fọ́tò mẹ́rìnlélógún náà ṣì wà lórí tábìlì. Fọ́tò tí a fẹ́ ti wà lọ́tọ̀, ìwé tí Sàídátù tẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

"Mi ò mú fíìmù yẹn wá," ni Mùílíù wí.

"Kí ló dé?"

"Mo tò ó." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, ó yà á lẹ́nu. "Èmi ni mo fi ìyá sórí àpótí. Èmi ni mo ní kí ọmọ jókòó síbí, kí ó jókòó sọ́hùn-ún. N kò bá wọn bẹ́ẹ̀. Ìwé yín ní a kò gbọdọ̀ tò wọ́n."

Kámárádì Sàbí fi ẹ̀yìn ti àga. "Ọmọ tó ń wo èkejì rẹ̀, ìwọ lo ní kó wò ó?"

"Rárá," ni ó wí. "Ìyẹn nìkan ni n kò tò."

"Nígbà náà, kí ló burú níbẹ̀?"

Mùílíù ń wo ìwé tí Sàídátù tẹ̀.

"Mo lè ní kí wọ́n lọ mú fíìmù náà wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ."

"Ẹ lè ní bẹ́ẹ̀."

Sàídátù wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó tẹrí ba, ìka rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ, kò tẹ ohunkóhun. Kámárádì Sàbí wo Sàídátù, ó wo Mùílíù, ó tún wo Sàídátù. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé nǹkan kan wà tí àwọn méjèèjì mọ̀ tí wọn kò ní sọ fún òun, ó sì ti ṣe olùkọ́ pẹ́ tó láti mọ̀ pé bí kíláàsì bá dákẹ́ báyẹn, èèyàn kì í rí nǹkan kan gbọ́ níbẹ̀.

"Ẹni tó bá ń yan èyí tó wù ú láti mú wá," ni ó wí níkẹyìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "n kò lè rán an káàkiri orílẹ̀-èdè. Èmi náà ní ọ̀gá. Máa gbọ́. Adélékan ni yóò gba iṣẹ́ náà."

Adélékan ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò lẹ́bàá oríta Godomey. Ó máa ń fi fíìmù ṣòfò bí ẹni tó ń da omi nù. Mùílíù mi orí.

"Ṣùgbọ́n àyè ìdílé yìí kò ní ṣófo lára ògiri mi lọ́la," ni ọ̀gá náà wí. Ó ya fọ́tò Rùkáyátù àti ìbejì rẹ̀ sí méjì, ó jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí, ó sì fa fọ́tò mẹ́jọ ti ilé Búrẹ́mọ̀ sún mọ́ra. Ó yẹ̀ wọ́n wò kíákíá. Ó mú ọ̀kan. "Èyí. Ó tó, fún ògiri ẹ̀gbẹ́. Ṣé fíìmù tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà."

Oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ni. Búrẹ́mọ̀ jókòó lápá ọ̀tún pátápátá, àwọn ọmọ yí àwo ká lórí ẹní. Kámárádì Sàbí fi èékánná fa ìlà láti òkè wá sílẹ̀ lápá òsì. "Gé ibí kúrò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìwé la ó fi ṣòfò. Kí ojú wọn lè tóbi."

Òótọ́ ló sọ. Mùílíù mú rúlà àti pẹ́ńsù. Òun fúnra rẹ̀ ìbá ti gé e tẹ́lẹ̀; ibẹ̀ ti ń dùn ún láti ọjọ́ tó ti ya fọ́tò náà. Ó gbé rúlà lé e, ó sì wò ó kó tó fa ìlà. Àwọn ẹ̀gbọ́n Táyé mẹ́ta há mọ́ra wọn, ìgbọ̀nwọ́ èkíní ń gún èkejì ní ìhà. Táyé ló wà ní ìkángun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Táyé, ẹní ṣófo, ó fẹ̀ tó ibi tí ọmọdé kan lè jókòó sí.

Kí ló dé tí wọ́n fi há mọ́ra bẹ́ẹ̀, nígbà tí àyè wà?

Ó gbé rúlà kúrò. Ó fa àwọn méje yòókù wá síwájú rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń fọ́ ẹyìn, òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń jókòó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Táyé, kò sí ẹni lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ìdíátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì lóṣòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń di irun, wọ́n tò ní ọ̀wọ́ lórí pèpéle, àlàfo kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, apá òsì Táyé ni. Níbi tí wọ́n ti ń sùn lọ́sàn-án, bákan náà: àyè ẹni tó lọ ṣẹ́ igi. Ó rántí pé òun ti rí i láti ojú kámẹ́rà. Ó rántí pé òun bínú sí i, pé lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òun sún ẹsẹ̀ méjì sí ẹ̀gbẹ́ kí ibẹ̀ má baà hàn jù, tí òun ń rò pé àwọn ará oko kò mọ ìjókòó.

"Kí lò ń wá?" ni Kámárádì Sàbí bi í. Ó tẹ̀ síwájú, òun náà ń wo ibi tí Mùílíù ń wò. "Ta ló dìde kúrò níbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó dìde," ni Mùílíù wí. "Bí wọ́n ṣe máa ń jókòó nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀."

Ọ̀gá náà gbé èjìká. Ó ní ògiri ẹ̀gbẹ́ ni, kí ó ṣe bó ti wù ú, kí ó ṣáà ti gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Yàrá ẹ̀yìn gbóná, ó sì kún fún òórùn omi oògùn tí a fi ń fọ fọ́tò. Ẹ̀rọ ńlá náà dúró sí àárín rẹ̀. Mùílíù kò tíì fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí, kò sì dájú pé yóò tún fọwọ́ kan án. Ó ti fíìmù bọ̀ ọ́, ó tan iná rẹ̀, ó tẹ́ ìwé tí kò wúlò mọ́ sábẹ́ rẹ̀ láti fi wọn ìwọ̀n. Ojú àwọn ọmọ náà hàn, wọ́n tóbi bí àwo ìjẹun, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ti fẹ́. Búrẹ́mọ̀ wà níbẹ̀, Rùkáyátù wà níbẹ̀ tó ń bu ọbẹ̀, Táyé wà ní etí ìwé, èjìká rẹ̀ òsì ti bọ́ síta.

Ó di ọwọ́ ẹ̀rọ mú, ó ń sọ orí rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá kéré sí i. Ìyá kéré sí i. Àwọn ẹ̀gbọ́n mẹ́ta kéré sí i, àwo oúnjẹ náà kéré sí i. Èjìká Táyé wọlé. Ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, títí ẹní tó ṣófo náà fi wọlé tán, kò sì dẹ́kun títí ó fi rí i pé kò sí etí kan lára rẹ̀ tó kù síta. Nígbà náà ni ó fún ìdè ẹ̀rọ náà le.